Ìlà Kútẹ́ẹ̀sì Lára Táyà

Láràárọ̀, bí mo bá ti jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi nísàlẹ̀ ilé wa ní Ìkòsí, mo máa ń tẹ́tí sí ohùn táyà ńlá kan tó ń yí lọ lórí kọnkéré àdúgbò. Ọkọ mi ló wà lórí rẹ̀. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni kẹ̀kẹ́ tó ń gùn ní, kò ní ọwọ́ téèyàn ń dì mú, kò ní bíréèkì, ẹsẹ̀ kan náà sì ga dé ìbàdí mi. Ọkọ mi á jókòó sókè lórí rẹ̀, á máa wà á lọ sí ọ́fíìsì wọn ní Ògùdù, níbi tó ti ń ya àwòrán ilẹ̀ fún àwọn tó fẹ́ kọ́lé. Bí ohùn náà bá ti wọ inú ariwo títì, tí n kò gbọ́ ọ mọ́, àyà mi á bẹ̀rẹ̀ sí í já. Kì í dúró títí dìgbà tó bá pè mí pé òun ti dé.

N kò kórìíra kẹ̀kẹ́ náà níbẹ̀rẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí wọ́n jọ kẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì, tí wọ́n jọ fi kékeré irú rẹ̀ ṣeré níbẹ̀, ló fi ńlá yìí sílẹ̀ fún un nígbà tó ń kó lọ sókè òkun. Dókítà ti ní kí ọkọ mi dín ara kù, òun náà sì ti ní òun kò ní lọ máa sáré lórí ẹ̀rọ nínú yàrá bí eku inú àgò. Mo rẹ́rìn-ín nígbà náà. Àwọn ará àdúgbò náà rẹ́rìn-ín títí ó fi sú wọn. Ìyá ọkọ mi tó ń gbé lọ́dọ̀ wa nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Màmá wo kẹ̀kẹ́ náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n ní, "Ẹsẹ̀ kejì ńkọ́?"

Ọkọ mi ní, "Màmá, bó ṣe rí nìyẹn. Ẹsẹ̀ kan ló ní."

Wọ́n ní, "Ẹni tó fún ẹ ti rẹ́ ẹ jẹ."

Màmá ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ta àlùbọ́sà ní Mile 12, àpò àpò, títí orúnkún wọn fi ní ó tó gẹ́ẹ́. Wọ́n mọ bí ọkọ̀ akẹ́rù tó ti Òkè Ọya bọ̀ ṣe máa ń wọ ìlú láàárọ̀: awakọ̀ tí kò sùn mọ́jú, bíréèkì tí Ọlọ́run nìkan ló mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Etí títì yẹn náà ni ọmọ wọn ń gbà kọjá lórí ẹsẹ̀ kan. Síbẹ̀ n kò gbọ́ kí wọ́n sọ pé ẹ̀rù ń ba àwọn rí. "Ọlọ́run á mú ẹ lọ, á mú ẹ bọ̀," ni wọ́n máa ń wí, wọ́n á sì padà sínú yàrá lọ fi òrí pa orúnkún. Òrí kì í wọ́n nílé wa. Àwọn tí Màmá fi ìdí ọjà lé lọ́wọ́ ṣì máa ń fi ránṣẹ́ sí wọn, ìṣù ńlá nínú ọ̀rá. Wọ́n ń fi í pa orúnkún, wọ́n ń fi í pa àtàrí ọmọ tí òtútù bá mú, wọ́n ń fi í pa irin ilẹ̀kùn tó bá ń dún. Àwọn oníbàárà mi máa ń ní àwọn ń gbóòórùn òrí lára aṣọ tí mo rán. Imú tèmi ti mọ́ ọn débi pé n kì í gbọ́ ọ mọ́.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí táyà tó bá kẹ̀kẹ́ náà wá jẹ tán. Irú táyà bẹ́ẹ̀ kò sí lọ́jà kankan ní Èkó, nítorí náà ọkọ mi bẹ ẹnì kan tó ń bọ̀ láti òkè òkun pé kó bá òun ra òmíràn. Ilé iṣẹ́ tó ṣe é yàtọ̀ sí èyí tó ṣe ríìmù, ìyẹn irin róbótó tí táyà máa ń wọ̀, ṣùgbọ́n nọ́ńbà kan náà ló wà lára àwọn méjèèjì. Ó dá ọkọ mi lójú pé ó parí. Èmi télọ̀ ni kò dá lójú. Mo mọ̀ pé sáìsì méjìlá ti ẹnì kan, sáìsì mẹ́rìnlá ni lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Nígbà tí fọkanáísà tó wà ní kọ̀rọ̀ àdúgbò wa sì fi táyà náà wọ irin, ọwọ́ lásán ló fi wọ̀ ọ́. Kò wá irin tí wọ́n fi ń wọ́ táyà, kò làágùn. Ó wọlé wẹ́rẹ́. Mo sọ fún ọkọ mi lójú ẹsẹ̀ pé síkẹ́ẹ̀tì tí kò béèrè síìpù kó tó wọ̀, kì í béèrè kó tó já bọ́. Ó ní kí n lọ rán aṣọ mi.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tó fi orí èjìká gbé kẹ̀kẹ́ wálé láti Ọjọ́ta. Ó ń sọ̀kalẹ̀ níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan, ó ń fi ẹsẹ̀ tì í sẹ́yìn kó má baà sáré jù, nítorí ẹsẹ̀ ni bíréèkì rẹ̀. Ó ní ńṣe ni òun gbọ́ tí nǹkan yẹ̀ lábẹ́ òun, gbogbo atẹ́gùn sì jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ó fò sílẹ̀. Bọ́ọ̀sì tó wà lẹ́yìn rẹ̀ yà fún un. Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń ròyìn, ẹ̀jẹ̀ sì ń ṣàn ní ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀.

"Bọ́ọ̀sì yà fún ẹ," ni mo wí. "Tí kò bá wá yà ńkọ́?"

Ó ní, "Ṣebí ó yà."

Inú bí mi débi pé n kò lè gbé oúnjẹ fún un. Màmá ló gbé e. Wọ́n yẹ ìgbọ̀nwọ́ náà wò.

Nígbà tí a tú táyà náà, a rí i pé fáàfù, ẹnu tí a ń gbà fẹ́ atẹ́gùn sínú tíúbù, ti tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì ti ya nídìí. Fọkanáísà ní tíúbù burúkú ni. Tíúbù tuntun kan wà nínú ilé, wọ́n fi í sí i. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ìyẹn náà tẹ̀, ó sì ya níbi kan náà. Lọ́tẹ̀ yìí, inú ọgbà ilé ló ti ṣẹlẹ̀, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Fọkanáísà yí táyà náà sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó ní, "Ọ̀gá, táyà yìí àti ríìmù yìí, wọn kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà o. Wọn ò gba ti ara wọn rárá."

Ohun tí mo ti ń sọ nìyẹn. Àmọ́ ìdùnnú pé mo jàre kò jẹ́ kí n sùn dáadáa. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí táyà náà lójú oorun. Bí mo bá ń rán aṣọ, tí mo gbọ́ kí táyà mọ́tò bẹ́ níta, abẹ́rẹ́ á fẹ́rẹ̀ẹ́ gún mi lọ́wọ́. Ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, tó bá rí ekòló, sísá ni yóò sá.

Mo wá ronú bí iṣẹ́ ọwọ́ mi ṣe kọ́ mi. Bí a bá fẹ́ rán aṣọ méjì pọ̀, a máa ń fa ìlà kan la àwọn méjèèjì kọjá. Bí ìlà náà bá yapa lẹ́yìn tí a rán an tán, ọ̀kan ti sá lára èkejì nìyẹn. Ṣọ́ọ̀kì kò ní lè dúró lára táyà, nítorí náà kútẹ́ẹ̀sì pupa tí mo fi ń kun èékánná ni mo mú. Mo fa ìlà kan láti ara táyà wọ ara ríìmù. Ó mú lára rọ́bà. Lára irin, ńṣe ló ń ṣí bí èépá, mo ní láti kùn ún lákùntúnkùn. Mo ṣépè fún ẹni tó ta ayédèrú kútẹ́ẹ̀sì fún mi lójú ọjà.

Màmá bá mi nídìí rẹ̀. "Kí lo ń kùn lára kẹ̀kẹ́?"

"Ìlà ìṣọ́ ni, Màmá. Tó bá yapa, a ó mọ̀ pé táyà ti yẹ̀ lórí irin."

"Tó bá yẹ̀ ńkọ́?"

N kò fẹ́ kó wọn láyà sókè. Mo ní, "A ó tún un ṣe ni." Wọ́n mi orí, wọ́n sì ń wo ìlà náà lọ.

Ìlà náà yapa. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ti ara táyà ti fi ti ara irin sílẹ̀ tó ìbú ìka kan. Ìgbà náà ni ọkọ mi tó gbà pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ẹ̀rín. Táyà ń rìn lórí ríìmù díẹ̀díẹ̀, ó ń wọ́ tíúbù lọ pẹ̀lú ara rẹ̀, fáàfù tí irin sì dì mú kò lè bá wọn lọ, òun ló ń ya. Ó kọ̀wé lórí fóònù sí àwọn tó ń gun irú kẹ̀kẹ́ náà lókè òkun. Wọ́n ní ríìmù mìíràn máa ń fi díẹ̀ kéré sí òmíràn, bí nọ́ńbà wọn tilẹ̀ dọ́gba. Wọ́n ní kó fi nǹkan wé inú irin náà kó lè ga sí i, kí táyà lè fún. Fọkanáísà gé tíúbù mọ́tò tó ti kú sí ọ̀já gbọọrọ, ó wé e yí inú ríìmù ká, ó fi omi ọṣẹ fọ etí táyà, ó sì fi í wọ̀ ọ́. Ó làágùn lọ́tẹ̀ yìí. Ọkọ mi gùn ún lọ sẹ́nu géètì, ó ń fi ẹsẹ̀ tì í sẹ́yìn kíkankíkan. Ìlà dúró.

Mo ti ń dúpẹ́ nígbà tó tún yapa lọ́sẹ̀ yẹn kan náà.

Wọ́n wé ọ̀já kún ọ̀já. Ọjọ́ tí a bá tún un ṣe, ìlà á dúró bí àṣẹ. Tó bá ti sùn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa lókè fún ọjọ́ díẹ̀, á yapa, ìyapa náà á sì tún ju ti ìṣáájú lọ. Kò yé mi. Mo ní kòkòrò tó ń jobì, inú obì náà ló ń gbé, àbùkù wà lára irin yìí tí ojú wa kò rí. Mo fi téèpù mi wọn ríìmù náà níbi gbogbo, bí ìgbà tí mo bá ń wọn ìbàdí ìyàwó. Kò tẹ̀ níbì kankan.

Láàárín gbogbo èyí, àwọn ẹgbẹ́ oníkẹ̀kẹ́ kan fẹ́ gùn láti Kétu lọ sí Ìkòròdú láàárọ̀ ọjọ́ ìsinmi, wọ́n sì ní kí ọkọ mi ṣíwájú. Òun nìkan ni elẹ́sẹ̀ kan láàárín wọn. Orí bíríìjì Mile 12 ni wọ́n máa gbà, pẹ̀lú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ rẹ̀ àti àwọn ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo bú u. Mo ní ṣé ọmọ kan tí a bí, tó wà níléèwé tó ti ń gbé, ṣé èmi nìkan ni kí n máa san owó ìwé rẹ̀ ni? Ó wá ní, "Jẹ́ kí ìlà yẹn bá wa sọ ọ́. Tí kò bá yẹ̀ títí di àárọ̀ ọjọ́ náà, màá lọ. Tó bá yẹ̀, mi ò lọ mọ́."

Mo gbà. Kí n sòótọ́, mo ń gbàdúrà kó yẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú ìrìn àjò náà, òwú bọ́bìnì ẹ̀rọ mi tán, mo sì gòkè lọ mú òmíràn. Oòrùn ti mú gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀. Màmá jókòó lórí àpótí kékeré nídìí kẹ̀kẹ́ náà, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí mi, ìṣù òrí wà lórí itan wọn. Wọ́n ń fi ìka mú un díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń fi í kun ibi tí rọ́bà ti wọ inú irin gan-an. Bí wọ́n bá pa ibì kan tán, wọ́n á yí ẹsẹ̀ náà díẹ̀, wọ́n á tún pa ibòmíràn. Oòrùn ń yọ́ òrí náà, ó ń ṣàn wọlé. Ẹnu wọn ń lọ jẹ́jẹ́: "Má yẹ̀ o. Má yẹ̀. Má ju ọmọ mi sílẹ̀."

Mo rántí pé wọ́n ti sọ fún mi rí nípa kẹ̀kẹ́ bàbá wọn, pé ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni bàbá náà máa ń fi òrí pa á láti orí dé ẹsẹ̀, kò sì jù ú ṣubú rí títí ó fi kú. Ohun gbogbo wá yé mi lẹ́ẹ̀kan náà: kútẹ́ẹ̀sì tí kò mú lára irin, táyà tó ń dúró lọ́jọ́ tí a bá fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Òrí ló ń mú kí táyà máa yọ̀ lórí irin. Bí ìlà bá ti ń yapa tó ni ẹ̀rù ń ba Màmá tó, bí ẹ̀rù bá sì ti ń bà wọ́n tó ni wọ́n ń fi òrí kún òrí. Mo fẹ́ pariwo. Mo fẹ́ gba ìṣù òrí náà kí n sọ ọ́ sí títì. Ẹsẹ̀ mi ló gbé mi sọ̀kalẹ̀ padà láìmú bọ́bìnì, mo sì jókòó ti ẹ̀rọ mi.

Nígbà tí ọkọ mi, tó wọ bọ́ọ̀sì jáde lọ́jọ́ náà, dé, inú kíṣìnì ni mo fà á lọ. Mo sọ fún un. Ó fi ọwọ́ bo ojú, mo rò pé ẹ̀rín ló ń rín, kì í ṣe ẹ̀rín.

Ó ní, "Màmá ò gbọdọ̀ gbọ́. Tí wọ́n bá gbọ́ pé àwọn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí, kí lo rò pé ó máa ṣẹlẹ̀ sí wọn?"

"Tí wọn ò bá gbọ́, wọ́n á tún pa á lọ́la."

Bí Màmá ṣe wà lórí ìrun Àlàsárì, a gbé kẹ̀kẹ́ náà lọ sẹ́yìnkùlé. A tú táyà, a fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, a fọ ríìmù, a fọ àwọn ọ̀já rọ́bà náà, ọ̀rá sì ń léfòó lórí omi náà. A nu irin títí ó fi ń dún lábẹ́ ìka. Nígbà tó fi táyà wọ̀ ọ́ padà, tó sì fẹ́ ẹ, mo fa ìlà tuntun. Kútẹ́ẹ̀sì náà gbẹ lára irin bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Mo tọrọ àforíjì lọ́kàn mi lọ́wọ́ obìnrin tó tà á fún mi.

Èmi ni mo lọ bá Màmá. Mo yọ ìjókòó kẹ̀kẹ́ náà dání, awọ ni wọ́n fi ṣe é. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Màmá, awọ yìí ti ń gbẹ, ó ń ha ọmọ yín nítan. Ẹ bá wa máa fi òrí pa á."

Wọ́n gbà á, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. "Táyà ńkọ́?"

"Mo rí yín lọ́sàn-án, Màmá. Táyà ti mu òrí yó. Kò gbà mọ́."

Wọ́n wo ojú mi pẹ́. Lẹ́yìn náà, wọ́n fa ìṣù òrí sún mọ́ ara, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pa ìjókòó náà.

Àárọ̀ ọjọ́ náà, ìlà dúró. Ọkọ mi lọ. Mi ò rán ohunkóhun. Mo tẹ aṣọ oníbàárà sílẹ̀, mo tún ká a. Fóònù mi wà lọ́wọ́ mi bí ọmọ tuntun. Màmá jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi, tẹ̀sùbáà ń lọ lọ́wọ́ wọn. Gbogbo fèrè ọkọ̀ ńlá tó bá dún láti ìhà Mile 12 ni àwa méjèèjì jọ ń gbọ́. Nígbà tí wọ́n pè pé wọ́n ti dé Ìkòròdú, mo rò pé ara máa rọ̀ mí, ṣùgbọ́n mo rántí pé ó ku bíbọ̀.

Ọ̀sán ti ga nígbà tí mo gbọ́ ohùn táyà náà lórí kọnkéré wa. Ọkọ mi sọ̀kalẹ̀, ó fi kẹ̀kẹ́ ti ògiri, ó wọlé lọ mu omi. N kò tíì kí i tí mo ti kúnlẹ̀ sídìí kẹ̀kẹ́. Ìlà pupa náà lọ tààrà láti ara rọ́bà bọ́ sára irin. Màmá rọra bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, pẹ̀lú orúnkún wọn yẹn.

"Kò yẹ̀," ni wọ́n wí.

"Kò yẹ̀, Màmá."

Wọ́n fi ìka kan ìlà náà. "Ṣé òrí yẹn ló ń mú un yẹ̀ tẹ́lẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ náà bá mi lójijì. Mo wo ọwọ́ wọn, ọwọ́ tó ti gbé àpò àlùbọ́sà tọ́ ọmọ yẹn dàgbà. Mo ní, "Rárá o, Màmá. Táyà yẹn ni kò bá ríìmù mu."

Wọ́n ní, "Ó dáa." Wọ́n di èjìká mi mú, wọ́n fi dìde.

Láti ìgbà náà, kí ọmọ wọn tó jáde láàárọ̀, Màmá ṣì máa ń gbé ọwọ́ lé táyà náà, wọ́n á ṣàdúrà sí i. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, èmi tí mo wà nísàlẹ̀ máa ń gbọ́ omi ẹ̀rọ tó ń ṣàn nínú balùwẹ̀. Wọ́n á fi ọṣẹ fọ ọwọ́ wọn, wọ́n á dá omi dúró, wọ́n á sì tún un ṣí, wọ́n á tún ọwọ́ náà fọ̀.